Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Ajá Sílẹ̀ fún Iṣẹ́ Abẹ Kàtáráàtì láti Òṣogbo

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kàtáráàtì, ìyẹn kí lẹ́ǹsì inú ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá di funfun, ló ń ṣe ajá yín, nítorí pé bí ajá bá ti lé ní ọdún 7, ojú rẹ̀ sábà máa ń ṣe bí eérú nítorí ọjọ́ orí, síbẹ̀ tí yóò ṣì máa ríran. Ẹ ju òwú díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, nítorí òwú kì í dún. Bí kò bá fi ojú tẹ̀lé e, ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Òṣogbo, kí ó sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, torí pé àtọ̀gbẹ lè sọ ojú ajá di funfun kíákíá. Kò sí oògùn àkánsójú tó ń yọ́ kàtáráàtì. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kán oje ewé sí i, ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní kí ẹ dúró kó gbó, nítorí kàtáráàtì tó pẹ́ máa ń mú kí inú ojú wú kó sì pọ́n, èyí sì ń dín àǹfààní iṣẹ́ abẹ kù.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti gbogbo dókítà. Kí ẹ tó gba ọ̀nà Ìwó tàbí Gbọ̀ngán lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì wà, ẹ pè wọ́n láti bèèrè bóyá ẹ̀rọ àti oníṣẹ́ abẹ ojú wà nílẹ̀. Ẹ bèèrè bákan náà bóyá wọ́n lè yẹ awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wò, torí pé bí èyí bá ti kú, iṣẹ́ abẹ kò lè mú ìríran padà.

Wọ́n á fún ajá ní oògùn akunilóorun, wọ́n á fi abẹ la ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n kíkankíkan á fọ́ lẹ́ǹsì tó ti bàjẹ́, á sì fà á jáde. Lẹ́ǹsì àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ajá, nítorí agbára tirẹ̀ sún mọ́ díọ́pítà (ìyẹn ìwọ̀n agbára lẹ́ǹsì) 41, nígbà tí ti ènìyàn sún mọ́ 20.

Ọwọ́ yín ni ìyókù wà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ ó fi máa kán oògùn sójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́, kí ìṣẹ́jú márùn-ún sì wà láàárín oògùn kan àti èkejì. Nítorí náà, ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ ti kọ́ ọ láti gbé orí sókè kí ó sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, torí fífún ọrùn máa ń mú kí agbára tí omi inú ojú fi ń ti ẹyinjú pọ̀ sí i. Àyà ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ má sì bọ́ rọ́bà tí wọ́n fi yí i lórí ká kí ó má baà họ ojú, àfi tí dókítà bá ní kí ẹ bọ́ ọ. Bí ojú náà bá pọ́n tàbí tó ń pa á dé, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.