Ohun Tó Wà Lójú Ẹ̀rọ, Wọ́n Gbà Pé Ẹ Ti Gbọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ọmọ Okun Tó Ń Lọ Kàwé ní Yunifásítì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò ní bẹ̀rù kọ̀ǹpútà, nítorí láti ọdún 2015 ni àjọ náà ti pa bébà tì pátápátá. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ títẹ̀ ni yóò yọ ọmọ Kábà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Mọ̀pà nílẹ̀ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi lẹ́nu bó bá dé yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yálà Lọ́kọ́ja ló ti gba oyè àkọ́kọ́ tàbí Ìlọrin. Ohun tó máa ń kó bá àwọn ènìyàn wa ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ohunkóhun tó bá sì ti gbé síbẹ̀, ó gbà pé ẹ ti gbọ́.

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Moodle, tí Martin Dougiamas ará Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 2002, ni àwọn kan ń lò. Àwọn mìíràn ń lo Blackboard tàbí Canvas. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ kà kí ẹ tó wọ kíláàsì, fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá, ìbéèrè iṣẹ́ tí ẹ ó kọ, àti ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún olùkọ́. Nílé, olórí kíláàsì ni yóò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé olùkọ́ ti ń bọ̀, bí kò bá sì rí i ṣe, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlẹ́gbẹ́ yín ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tí yóò wá kan ilẹ̀kùn yín. Ìyípadà yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, owó tó kù tí ẹ ó san, ọ̀rọ̀ fisa, inú íméèlì tí ilé-ẹ̀kọ́ fún yín ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé, kì í ṣe èyí tí ẹ ti ń lò láti ilé. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kí ẹ tó lè wọlé sórí àwọn ojú-ewé wọ̀nyí, ẹ̀rọ lè ní kí ẹ fi fóònù jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni. Àwọn kan máa ń fi nọ́ńbà Nàìjíríà forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé, tí wọ́n á sì yọ síìmù náà kúrò nínú fóònù ní kété tí wọ́n bá balẹ̀, láìtíì pààrọ̀ nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Kóòdù á wá máa lọ sórí síìmù tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ẹni tó ní iṣẹ́ láti fi sílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà kò sì ní rí ojú-ewé rẹ̀ ṣí. Ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ kí ẹ tó pa á tì. Ní ti détà, kí ọkàn yín balẹ̀: pẹ̀lú eduroam, íntánẹ́ẹ̀tì Wi-Fi tí àwọn yunifásítì jọ ń lò, orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí ilé-ẹ̀kọ́ fún yín yóò gbé yín wọ íntánẹ́ẹ̀tì ní yunifásítì mìíràn pẹ̀lú.

Wíwá sí kíláàsì náà ti di ti ẹ̀rọ; níbì kan, káàdì ni ẹ ó fi kan ara ògiri, níbòmíràn, kóòdù tí olùkọ́ gbé sójú pátákó ni ẹ ó tẹ̀ sínú fóònù. Àṣà “bá mi kọ orúkọ mi sílẹ̀”, tí a máa ń fojú kéré nílé, kò ṣe é gbé débẹ̀ rárá, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ náà ni onígbọ̀wọ́ fisa yín, òfin sì ní kó máa ṣọ́ bóyá ẹ ń kàwé lóòótọ́, kó sì fi tó ìjọba létí bí ẹ bá ti pa á tì.

Iṣẹ́ kíkọ ló gba sùúrù jù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ibẹ̀ ló ń lo Turnitin, ẹ̀rọ tí ń fi ohun tí ẹ kọ wé àwọn ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìwádìí, àti iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ti fi sílẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n yín kọ lọ́dún tó kọjá, ní ìlú mìíràn pàápàá, fi lè yọjú. Yóò fún iṣẹ́ yín ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àti àwọ̀: àwọ̀ ewé bí ìjọra kò bá tó 25, pupa bó bá ti tó 75. Ẹ má bẹ̀rù nọ́ńbà náà jù, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e jù. Àkójọ ìwé tí ẹ tọ́ka sí àti ọ̀rọ̀ tó wà nínú àmì àyọlò lè gbé e sókè láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, nígbà tí ìdá 10 péré lè kó yín sí wàhálà bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ti gbé e látòkèdélẹ̀. Olùkọ́ yóò ṣí iṣẹ́ náà, yóò wo ibi tí ẹ̀rọ fi àwọ̀ kùn, kó tó pinnu.

Lójú tèmi, olè jíjà kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ wa lẹ́bi níbẹ̀. A ti kọ́ wa láti kékeré pé ẹni tó bá dá ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló mọ̀wé, nítorí náà ni ènìyàn ṣe lè mú gbólóhùn onímọ̀ kan, kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀, kó sì gbà pé òun ti ṣe bó ṣe yẹ. Wọ́n lè ka ìyẹn sí jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, bí ẹ bá tilẹ̀ dárúkọ onímọ̀ náà. Ẹ ka ojú-ewé náà tán, ẹ pa á dé, ẹ kọ ohun tó yé yín, kí ẹ tó ṣí i padà láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni èrò náà àti ọdún ìwé rẹ̀ síbẹ̀. Bí kọ́ọ̀sì yín bá gbà kí ẹ kọ́kọ́ dán iṣẹ́ wò lórí Turnitin, ẹ rántí pé lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta tí ẹ bá ti tún un fi sílẹ̀, àbọ̀ tuntun lè gba wákàtí 24.

Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó lè bá ènìyàn kọ̀wé, ti jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ ti tún le sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn yunifásítì 24 tó wà nínú Russell Group, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ńlá ilẹ̀ náà, fẹnu kò pé kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọn yóò ṣe máa lo ọgbọ́n àtọwọ́dá lọ́nà tó tọ́, síbẹ̀ kọ́ọ̀sì kan lè gbà á láàyè kí èkejì kà á léèwọ̀. Inú ìwé ìbéèrè iṣẹ́ yín ni kí ẹ wò, ẹ má fi ti ọ̀rẹ́ ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ sì máa ń ṣì í mọ̀: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Stanford ní ọdún 2023, ó lé ní ìdajì àròkọ ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì TOEFL, tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn fọwọ́ ara wọn kọ, tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pè ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nítorí èyí, ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sínú Word tàbí Google Docs tí ń pa ìtàn àtúnṣe mọ́, ẹ má sì ju àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ nù títí èsì yóò fi jáde.

Bí íméèlì bá dé pé wọ́n fẹ́ rí yín nítorí iṣẹ́ kan, ẹ má fìbínú fèsì, ẹ má sì dákẹ́ bí ẹni pé yóò kọjá lọ. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní agbaninímọ̀ràn tí kì í gba owó. Ẹ kó àwọn àkọsílẹ̀ náà lọ bá wọn kí ẹ tó kọ ìdáhùn, kí ẹ sì tètè lọ, torí gbèdéke ìdáhùn wà nínú íméèlì yẹn.