Bí a ṣe ń ra Lexus RX tòkunbọ̀ láì san owó 2015 fún mọ́tò 2010

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò, ẹ béèrè nọ́ńbà ṣásí rẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí díílà dárúkọ owó létí mi kí n tó rí nọ́ńbà yẹn, torí owó tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ lẹ máa nájà lé lórí, bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì mọ nǹkan tí ẹ fẹ́ẹ́ rà. Lexus RX ni màá fi ṣàlàyé. Kò sí títì tí ẹ ò ti ní rí i láti Ìkẹjà dé Ìbàdàn, òun náà ni mo sì ti rí àwọn èèyàn tó fi owó ńlá ra ọdún tí kì í ṣe ọdún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ara tó wà níwájú yín

RX 300, ìyẹn 1999 sí 2003, ti dàgbà jù; ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ní mẹkáníìkì nínú ìdílé. RX 330 ló tẹ̀lé e, 2004 sí 2006, ẹ́ńjìnnì lítà 3.3. RX 350 ti 2007 sí 2009 wọ aṣọ kan náà, àmọ́ ẹ́ńjìnnì lítà 3.5 ló gbé. Kì í ṣe agbára nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra: bẹ́líìtì ló ń fa tímíìnì 330, ìyẹn ohun tí ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lásìkò, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti ń sún mọ́ máìlì 90,000; ṣéènì ni ti 350. Àwọn kan máa ń lẹ àkọlé 350 mọ́ ìdí 330. Lẹ́tà karùn-ún nínú nọ́ńbà ṣásí ni kí ẹ wò lára mọ́tò Amẹ́ríkà: A ni 330, K ni 350. Ẹ má bá wọn jiyàn lórí àkọlé ẹ̀yìn, wọ́n ń tà á ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò l'Ékòó.

Ní 2010, ara yí padà pátápátá, gíà di oní-ìpele mẹ́fà, ara yẹn ló sì dé 2015. Láàárín rẹ̀, ní 2013, ni wọ́n yí ojú rẹ̀ padà: gíríìlì fẹ̀ lókè, ó fún láàárín, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Ọdún yẹn náà ni F Sport, ẹ̀yà RX tí wọ́n ṣe bíi mọ́tò eré-ìje, dé pẹ̀lú gíà oní-ìpele mẹ́jọ. Ara mìíràn tún jáde ní 2016, òun ló dé 2022. Nínú tirẹ̀, 2018 ni RX 350L oníjòókòó ìlà mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, 2020 sì ni ojú àti ẹ̀yìn tún yí díẹ̀, tí sikirín inú rẹ̀ di èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀. 2023 ti bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 oní-táábò. Bí owó bá mọ níwọ̀n, 2011 tàbí 2012 tó ṣì gbé ojú tí wọ́n bí i mọ́ ni kí ẹ rà. Òun ni mo máa ń yàn fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo mọ́tò.

Ojú tuntun lórí ara àtijọ́

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí páńpẹ́, ẹ rọra kà á. Ẹni tó bá ní RX 2010 lè gbé e lọ sọ́dọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà, kó ra bọ́mpà, gíríìlì, iná iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì 2015, kí mọ́tò náà sì jáde ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ojú tuntun tí ń dán. “Upgrade” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń ṣe é fún Lexus GX 460, wọ́n ń ṣe é fún Land Cruiser, RX 2016 náà sì ń di 2020. Mi ò ní ẹjọ́ kankan bá ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ṣe mọ́tò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ tó sì sọ ọ́. Ẹni tó fi ojú 2015 gba owó 2015, nígbà tó jẹ́ pé láti 2010 ni ẹ́ńjìnnì, gíà àti ẹsẹ̀ ti ń jà á, òun lẹ̀ ń sá fún. Iná tí wọ́n sì ń fi ṣe é, ayédèrú ló pọ̀ níbẹ̀. Òjò kan ṣoṣo, ẹ ó máa rí omi nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà ṣásí jẹ́ 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Èyí tó wà ní ipò kẹwàá ni ọdún mọ́tò. Nọ́ńbà 4 sí 9 ni 2004 sí 2009. Lẹ́yìn ìyẹn, A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013, E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016, H ni 2017. Wọ́n fo I, torí náà J ni 2018, K ni 2019, L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022. Wọ́n tún fo O, P ni 2023. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹ má ka nọ́ńbà yìí nínú fọ́tò tí díílà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ dúró ti mọ́tò fúnra yín, ẹ kà á nígun ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú lápá awakọ̀, ẹ tún kà á lára sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wá fi méjèèjì wé ìwé. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ fi bírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán kà á sábà máa ń fo ọ̀kan, á sì mú èyí tí kì í ṣe ọdún. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ gbogbo 17 sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Yóò sọ ọdún, irú ẹ́ńjìnnì àti ibi tí wọ́n ti tò ó: ọ̀pọ̀ RX tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2T2, Cambridge ní Ontario, Kánádà, ni wọ́n ti tò ó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTJ wá láti Japan. Mi ò fi ìyẹn dá owó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kún owó yín lórí rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n kọ́ fún Yúróòpù lè máà ní ọdún ní ipò kẹwàá, ẹ rántí.

Sítíkà ilẹ̀kùn yẹn tún gbé oṣù àti ọdún tí wọ́n tò ó. Ẹ má pariwo bí ó bá fi díẹ̀ ṣáájú ọdún mọ́tò. RX tí wọ́n tò ní oṣù kẹwàá 2012 lè jẹ́ 2013 láìsí mágòmágó kankan, bí wọ́n ṣe ń kà á ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Àmọ́ bí sítíkà bá sọ pé oṣù kẹfà 2010, tí ojú sì ń sọ 2015, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí wọ́n bá sì ti ṣí sítíkà náà kúrò pátápátá, tí díílà ní oòrùn ló bó o, ẹ máa lọ sórí mọ́tò mìíràn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ fà á jáde títí á fi tán, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá: wọ́n rán bébà kékeré kan mọ́ ọn tó gbé ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sí pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó ń rántí ibẹ̀. Mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n kan lọ wo RX funfun kan tí ojú rẹ̀ mọ́ gaara, díílà ń búra pé 2015 ni. Gbogbo bẹ́líìtì rẹ̀ ń sọ 2010. Ó ní bẹ́líìtì kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé kó tà á ní iye bẹ́líìtì nígbà náà. Bí ọ̀kan péré nínú bẹ́líìtì iwájú bá tuntun ju ìyókù lọ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ó ṣeé ṣe kí mọ́tò náà ti forí sọ nǹkan tí àpò atẹ́gùn sì ti bú.

Ẹ wá ohun tó ti ṣe kó tó dé

Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí wá a lórí Google. Bí ó bá ti gba Copart tàbí IAAI kọjá, ìyẹn àwọn tó ń ta mọ́tò tó fọ́ ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà, fọ́tò rẹ̀ nígbà tó fọ́ sábà máa ń jáde. NICB VINCheck, ìkànnì Amẹ́ríkà tí ẹ ó tẹ nọ́ńbà ṣásí sí, náà ń sọ fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá iléeṣẹ́ ìdójútòfò ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mọ́tò tó fẹ́ńdà rẹ̀ fọ́ ṣeé rà. Èyí tí omi wọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó pọ́kú tó. Ìjì Harvey ní Texas lọ́dún 2017 àti Ian ní Florida lọ́dún 2022 ri mọ́tò rẹpẹtẹ. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó dípẹtà. Òórùn lọ́fínńdà tó bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, èmi máa ń fura sí i.

Fún pátí, ìyẹn ohun tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń dí ojú ibi tó tẹ̀ kó tó kun ún, kò sí ìdí láti ra ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀dà. Mágínẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó wà lára fìríìjì yín ti tó: ẹ fi kan àwọn ilẹ̀kùn àti apá ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pátí ló nípọn níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì, àti irọ́ tí iná dáṣíbọọ̀dù ń pa

Ẹ dé láàárọ̀, láì sọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ṣíná. Bí ó bá ti gbóná, ẹnì kan ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ṣáájú yín.

Ẹ ra ELM327, ẹ̀rọ kékeré tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Ti Bluetooth tó wọ́pọ̀ tó fún Android. Ti Wi-Fi ni ẹni tó ń lo iPhone máa rà. Ìtàn tó wà níbẹ̀ nìyí: díílà lè pa iná “check engine” rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó dé. Nítorí náà, kì í ṣe àṣìṣe nìkan ni kí ẹ wò. Ẹ wo ibi tí áàpù rẹ̀ lórí fóònù yín ti ń kọ àwọn àyẹ̀wò tí mọ́tò ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ìrántí rẹ̀ rẹ́ ni, tàbí wọ́n yọ bátìrì. Áàpù míì tún máa ń sọ iye kìlómítà tó ti rìn látìgbà náà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ ní kí wọ́n wà á fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó padà wá.

Fún RX 350 ti 2007 àti èyí tó súnmọ́ ọn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tó ń yí tímíìnì padà. Róbà wà lára ti àkọ́kọ́. Bí ó bá bẹ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ọ́ìlì ló máa dà nù, ẹ́ńjìnnì á sì tẹ̀ lé e. Onírin látòkè délẹ̀ ni kó wà níbẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá ẹsẹ̀ oní-afẹ́fẹ́ ló ní, torí díẹ̀ nínú RX 2004 sí 2009 ní in. Tí ó bá jókòó sílẹ̀ ní apá kan láàárọ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò.

Ìwé

Mọ́tò tó ti lé ní ọdún 12 látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ kò gbọdọ̀ wọ Nàìjíríà mọ́, torí náà 2011 tàbí 2012 tí mo ní kí ẹ rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ti wọlé kó tó kọjá iye ọdún yẹn. Ìjọba sì ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ láti oṣù kìíní 2017. Bí wọ́n bá ní láti Kùtọnu ló ti gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé láìpẹ́ yìí, owó yín ò gbọdọ̀ kúrò lápò. Ẹ gba ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ bá Kọ́sítọ́ọ̀mù fúnra wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi iṣẹ́ yẹn rán éjẹ́ńtì tó mú yín wá. Láti 2022 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ṣásí dá iye owó mọ́tò, torí náà ẹ ka ọdún tó wà nínú ìwé ọ̀hún dáadáa. Ẹni tó ń pè é ní 2015 fún yín lè ti pè é ní 2010 fún Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ìgbà yìí ni ẹ wá béèrè owó. Ẹ jẹ́ kí díílà kọ nọ́ńbà ṣásí àti ọdún tó wà ní ipò kẹwàá sórí rìsíìtì kí ẹ tó sanwó, kó sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá ní òun ò lè kọ ọdún, ọdún mọ́tò yẹn ti yé òun náà. Mọ́tò tó kàn ni kí ẹ lọ wò.