Sílíkóònù Tí Wọ́n Fi Dí Ihò Ìdí Ọkọ̀ Mi

Ihò tí omi ń gbà jáde ní ìdí ọkọ̀ ojú omi kékeré kò tóbi ju ohun tí àtàǹpàkò lè dí lọ. Páìpù idẹ kan ló gba inú rẹ̀ kọjá, èdídí rọ́bà ló sì ń dé e lẹ́nu. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, mo gbé e fún àwọn tó ń fi àtúnṣe ọkọ̀ jẹun. Wọ́n fún gọ́ọ̀mù sílíkóònù funfun yí etí páìpù náà ká, wọ́n fi ìka tẹ́ ẹ kó lè dùn ún wò, wọ́n gbowó. Owó ọ̀hún kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ná lẹ́yìn rẹ̀ láti tú iṣẹ́ wọn palẹ̀ kí n tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Sílíkóònù yẹn kò dá omi dúró. Ó kàn bo ibi tí ojú ì bá ti rí i pé omi ń wọ inú igi ni.

Kí ohun tí mò ń bínú sí lè yé yín: ìdí ọkọ̀ fáíbà, níbi tí wọ́n ń so ẹ́ńjìnì mọ́, sábà máa ń ní plywood láàárín. Fáíbà bò ó níwájú, fáíbà bò ó lẹ́yìn, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Ẹni tó bá lu ihò kọjá nínú rẹ̀ ti ṣí ẹnu plywood sílẹ̀ yípo. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló jáde nílé iṣẹ́ láìsí ohunkóhun tó bo ẹnu igi yìí. Páìpù idẹ ni wọ́n kàn kì bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì tẹ etí rẹ̀ méjèèjì bẹẹrẹ. Lọ́jọ́ tí gọ́ọ̀mù abẹ́ etí yẹn bá kú, omi á gba ẹ̀yìn páìpù wọlé, igi á sì máa mu ún. Omi tí ẹ rí nínú ikùn ọkọ̀, ẹ lè gbọ́n ọn dànù. Èyí tí igi ti mu ló ń jẹ ìdí ọkọ̀ run, ẹ́ńjìnì sì wà lórí rẹ̀.

Àwọn kan á ní pọ́ǹpù tó ń fa omi inú ọkọ̀ dà síta ṣáà wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí èdídí bá yọ lẹ́nu ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5, tí ihò náà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sábẹ́ omi, omi tó lé ní lítà 40 ni yóò máa wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Pọ́ǹpù kékeré tí wọ́n kọ gálọ̀nù Amẹ́ríkà 500 sí lára fún wákàtí kan kò lè gbé ju nǹkan bíi lítà 31 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn náà nígbà tí kò bá sí òkè tó ní láti gbé omi gùn. Bí rọ́bà tó ń gbé omi rẹ̀ jáde bá gùn, tí bátìrì sì ti rẹ̀, iye yẹn á já wálẹ̀ gidigidi.

Wíwá ibi tó ń jò kò le. Orí ilẹ̀ ni mo ti ṣe é. Mo gbé imú ọkọ̀ sókè díẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e, mo nu ìta ìdí rẹ̀ gbẹ, mo wá da omi sínú títí ó fi ga ju ihò náà lọ ní ìka méjì. Ẹ má bu omi kún un o. Lítà omi kan, kílò kan ni. Lítà 300 á di kílò 300 tó jókòó síbi tí wọn ò ti ṣètò pé kó jókòó, ikùn ọkọ̀ sì lè là. Mo lẹ tíṣù mọ́ abẹ́ gbogbo ohun tó bá lu ìdí ọkọ̀ já, torí tíṣù máa ń tutù kí ojú tó rí ẹ̀kán omi. Etí páìpù ló kọ́kọ́ tutù. Sílíkóònù ń dán lókè, omi ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó dà mí láàmú ni tíṣù tó wà lábẹ́ ihò sukúrúù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, sukúrúù tí kò wọlé dé inú ọkọ̀ rárá. Òun náà tutù. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí omi lè gbà débẹ̀ ju inú plywood lọ.

Àwọn ibi yòókù kò gba àsọyé. Kílíìpù tó ti dípẹtà lórí rọ́bà pọ́ǹpù, mo pààrọ̀ wọn sí sìtéńléèsì, méjì méjì lórí ibi tó rẹlẹ̀ ju ojú omi lọ nínú ọkọ̀. (Méjì wúlò kìkì bí ẹnu tí wọ́n fi rọ́bà bọ̀ bá gùn tó láti gba méjèèjì, bí èkejì bá bọ́ sórí ibi tí kò sí nǹkan nínú, ńṣe ló máa gé rọ́bà náà.) Rọ́bà tí wáyà ẹ́ńjìnì gbà wọlé ti sán, mo fi tuntun sí i.

Ibi tí gbogbo nǹkan ti dúró ni sílíkóònù. Kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ lè fi abẹ há a títí ojú ibẹ̀ á fi mọ́ féfé, síbẹ̀ epo rẹ̀ á ṣì wà lára gelcoat, ìyẹn ìpele dídán tó bo ojú fáíbà. Kò sí gọ́ọ̀mù tó máa lẹ̀ mọ́ ibi tí epo yẹn wà: epoxy (gọ́ọ̀mù líle tí a ń po nǹkan méjì pọ̀ ṣe) kì í lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, sílíkóònù tuntun pàápàá kì í lẹ̀ mọ́ sílíkóònù àtijọ́ dáadáa. Ohun tó sì máa ń wá síni lọ́kàn, pé kí a fi sáńpépà bó o, òun gan-an ló burú jù láti fi bẹ̀rẹ̀, torí ńṣe ni sáńpépà ń ti epo náà wọ inú àwọn ìlà tóun fúnra rẹ̀ fà.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Abẹ ni kó ṣáájú, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó má bàa gé gelcoat. Oògùn tí wọ́n ṣe fún yíyọ sílíkóònù ló tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike. Lẹ́yìn náà ni acetone, omi tó ń yọ epo tó sì ń tètè fẹ́ lọ, pẹ̀lú àkísà méjì: ọ̀kan ń pa á, èkejì tó gbẹ ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ kó tó fẹ́ lọ. Ẹni tó bá jẹ́ kí acetone gbẹ fúnra rẹ̀ ti tún epo náà tẹ́ síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ àkísà lóòrèkóòrè. Ìgbà yẹn ni sáńpépà nọ́ńbà 80 tó lè bọ́ sí i, kí ẹ sì tún fi acetone nù ún. Ẹ wá wọ́n omi sí i. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́. Bó bá ń ká jọ tó ń yí gbiri bí omi orí ewé kókò, ẹ padà sídìí abẹ. Mo padà sídìí abẹ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn padà sídìí ohunkóhun lọ, gbogbo rẹ̀ nítorí ohun tí ẹnì kan fi ìka tẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Páìpù náà kò fẹ́ jáde. Ẹ má ṣe fi òòlù gbá a, ẹ ó fọ́ fáíbà tó yí i ká. Mo fi ayùn irin pẹlẹbẹ bọ inú rẹ̀, mo gé e ní gígùn láti inú títí ayùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi, mo wá fi púláyà ká a wọnú bí ẹni ká bébà. Idẹ tó yẹ kó pọ́n bí ìyeyè ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó sì ń rún lọ́wọ́. Omi iyọ̀ ló fa síǹkì inú rẹ̀ jáde, bàbà tó ṣẹ́ kù kò sì lágbára. Èdídí tó dára jù lọ láyé kò lè dí páìpù tó ti rí báyìí.

Igi inú ihò dúdú, ó tutù, àmọ́ ó ṣì le. Mo fi ìdí tọnọfísì kan ìdí ọkọ̀ kiri: ibi tó bá dún ko-ko-ko ṣì dára, ibi tó bá dún bọ́-bọ́ ti jẹrà. Lẹ́yìn náà mo lu ihò tó fẹ̀ ní mílímítà 4 láti inú ọkọ̀ ní ibi mélòó kan, láì jẹ́ kó yọ síta, mo sì wo ohun tí dírílì ń tú jáde. Lẹ́búlẹ́bù igi funfun tó gbẹ, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Èyí tó dúdú tó ń rùn, tó ń lẹ̀ mọ́ra, ẹ ò lè fi gọ́ọ̀mù bò ó, gígé ni. Tèmi tutù láìjẹrà, mo dúpẹ́ fún ìyẹn, mo sì bínú sí gbígbẹ rẹ̀. Igi tó wà láàárín fáíbà méjì kì í yá gbẹ. Fáànù àti gílóòbù tó ń mú ooru wẹ́rẹ́ wá ni mo fi ṣe é, kì í ṣe iná tó ń jó, torí ooru líle á ba fáíbà jẹ́. Kí ẹ tó gbà pé ó ti gbẹ, ẹ lẹ ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bo ẹnu igi náà kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bí ọ̀rá bá ń làágùn nínú, kò tíì gbẹ.

Iṣẹ́ tó kù dùn mọ́ mi. Mo mú ihò náà fẹ̀ sí i, ó fi nǹkan bíi mílímítà 6 fẹ̀ ju ohun tí mo fẹ́ kì bọ̀ ọ́ lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa epoxy ṣíṣàn sí ẹnu igi títí kò fi mu mọ́. Kí ìyẹn tó le tán, mo po èyí tí mo fi lẹ́búlẹ́bù silica mú ki, tó fi jẹ́ pé kò lè kán lórí igi tí mo fi pò ó, mo sì fi í dí gbogbo ihò náà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo ni kí ẹ lò. Àfikún oògùn kejì, èyí tó ń mú un le, kì í mú un yá, ńṣe ló ń bà á jẹ́. Ẹ má sì da púpọ̀ sínú ihò jíjìn lẹ́ẹ̀kan náà, á gbóná débi tí á fi sán. Nígbà tó le, mo fi omi àti kànrìnkàn fọ epo tó máa ń yọ sójú rẹ̀, mo wá lu ihò tuntun sáàárín epoxy. Nísinsin yìí, bí gọ́ọ̀mù bá tiẹ̀ kú lọ́la, epoxy ni omi máa bá pàdé. Èyí ni iṣẹ́ tí mo sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí wọn ò ṣe.

N kò dá páìpù idẹ padà. Ẹnu ihò tí wọ́n fi brọ́ǹsì ṣe, irin tí bàbà pọ̀ nínú rẹ̀, tó ní etí fífẹ̀ àti èdídí oníyìípo ni mo fi sí i, pẹ̀lú sukúrúù brọ́ǹsì. Sìtéńléèsì tó wà lábẹ́ omi, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, máa ń jẹ ní kọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ gbẹ́ ẹnu ihò sukúrúù kọ̀ọ̀kan fẹ̀ díẹ̀ lójú gelcoat, kó má bàa sán nígbà tí sukúrúù bá wọlé.

Ní ti gọ́ọ̀mù, polyurethane ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó lágbára jù. Irú 5200 tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe kò fẹ́ kí a tú nǹkan mọ́ láé. Bí ẹ bá fa á, gelcoat ló máa bá a wá. Bákan náà, ó ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 48 kí ojú rẹ̀ tó gbẹ, àti ọjọ́ 5 sí 7 kó tó le tán. Irú 4200 tiwọn tó fún ohun tí ènìyàn á tún tú lọ́jọ́ kan. Gọ́ọ̀mù polysulfide náà dára lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ àwọn ike kan, nítorí náà ẹni tí páìpù ihò rẹ̀ bá jẹ́ ike kó yẹra fún un. Ẹ má fi ọtí ìnuǹkan nu polyurethane tí kò tíì gbẹ. Kò ní le dáadáa mọ́.

Mo pa á sí ẹ̀yìn etí brọ́ǹsì àti sí ihò sukúrúù, mo dì í títí gọ́ọ̀mù fi yọ yípo láìku ibì kan, mo sì dúró níbẹ̀. Bí ẹ bá dì í jù, gbogbo gọ́ọ̀mù á sá jáde, irin á kan fáíbà. Èdídí fúnra rẹ̀ kò nílò gọ́ọ̀mù: tẹ́ẹ̀pù funfun àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi, ìyípo 2 tàbí 3, sí apá ibi tí ẹ máa yí i sí. Èyí tó bá ní òrùka rọ́bà kò nílò tẹ́ẹ̀pù pàápàá. Gírísì sílíkóònù díẹ̀ ló ń fẹ́, ibi kan ṣoṣo tí mo ṣì ń gba sílíkóònù láàyè lára ọkọ̀ yìí.

Bó bá wá ń yọ omi díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù ti le, ẹ má mú tọnọfísì kẹ ẹ tún sukúrúù dì. Yíyí sukúrúù á já gọ́ọ̀mù tó ti le kúrò lára rẹ̀, ihò kan á di mẹ́ta. Títú ni, kí ẹ há a mọ́, kí ẹ tún un tẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.