Ìṣó Nínú Búrẹ́dì, Eyín Nínú Bisikíìtì: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Ẹni Tó Bá Ohun Àjèjì Nínú Oúnjẹ

Ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe tí a bá rí irun, òkúta, ike tàbí ìdajì aáyán nínú oúnjẹ tí a rà ni pé ká pariwo. (Ìdajì aáyán burú ju odindi lọ, ẹ mọ ìdí rẹ̀.) Ohun kejì ni pé ká gbé oúnjẹ náà tọ̀rá-tọ̀rá sọ sí ààtàn. Ariwo ò pa ẹnikẹ́ni lára. Sísọ nù yẹn ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí pé láti ìgbà náà lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló kù, ilé iṣẹ́ tó sì ní lọ́yà kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ìríra àti ìbínú ló ń bí púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ mẹ́nu bà yìí. Ẹni tó jàre gan-an ló sì ń ṣe wọ́n. Àkọlé kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ yìí, àṣìṣe kan ni.

Ká ju ọ̀rá àti páálí nù

Ẹ wo ara ọ̀rá náà dáadáa. Nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ wà níbẹ̀, batch number náà sì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé nọ́ńbà NAFDAC ti tó; wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á ju ìyókù nù. Bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC kì í yí padà láti orí ọ̀rá kan sí òmíràn, orúkọ tí ìjọba fi mọ ọjà náà ni. Batch number ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an. Òun ni ilé iṣẹ́ fi ń yẹ ìwé wọn wò láti mọ ẹ̀rọ tó ṣe é, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àti ibi tí wọ́n kó àwọn ìyókù lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ kó ọjà tó léwu kúrò nígboro, òun náà ni wọ́n ń tọ̀. Ó máa ń kéré, wọ́n sì lè tẹ̀ ẹ́ sí etí ọ̀rá níbi tí a ti ń fà á ya, débi pé ẹni tó bá fi eyín já ọ̀rá lè ti já a sọ nù kó tó fura.

Tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà, ẹ tọ́jú àpò ńlá tí wọ́n kó ogún sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ búrẹ́dì, ẹ wá bébà pélébé tó máa ń wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Rìsíìtì ńkọ́? Ìyá tó ń ta prófíṣọ̀n ní ẹ̀gbẹ́ ilé kì í já rìsíìtì, gbogbo wa la mọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ ni, àlẹ́ẹ̀tì báńkì wúlò: ọjọ́, aago àti iye owó wà níbẹ̀.

Ká fọ ohun tí a rí kó lè hàn dáadáa

Ọmọ aráyé fẹ́ mọ ohun tó rí. Á fi ṣíbí yọ ọ́, á gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, á fi omi gbígbóná ṣan án kó lè mọ́. Ẹ wo ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Èròjà kan wà nínú ara kòkòrò tí wọ́n ń pè ní phosphatase, ooru sì máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Tí eṣinṣin bá ti wà nínú tòmátò alágolo kí wọ́n tó sè é nílé iṣẹ́, èròjà yẹn kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ ṣí agolo nílé ló já sínú rẹ̀, á ṣì máa ṣiṣẹ́. Àwọn onímọ̀ máa ń fi àyẹ̀wò yìí wádìí bóyá wọ́n se kòkòrò náà pọ̀ mọ́ oúnjẹ tàbí ó wọlé lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá wá fi omi gbígbóná ṣan eṣinṣin rẹ̀, tàbí tó gbé ọbẹ̀ padà sórí iná, ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tí ẹ ti rí i. Ẹ yà á ní fọ́tò níbẹ̀, kí owó ẹyọ tàbí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè hàn, kí ẹ sì ya ọ̀rá náà níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ kó oúnjẹ àti ọ̀rá pọ̀ sínú ike tó ní ìdérí, ẹ gbé e sí fíríìsà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, torí ọmọ tí ebi ń pa kì í béèrè ohun tó wà nínú ike. Níbi tí iná kì í ti í dúró, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ká pe ohun tí kì í ṣe àjèjì ní àjèjì

Ẹja alágolo máa ń tan èèyàn jẹ. Nígbà mìíràn, ẹ máa rí nǹkan wínníwínní tó ń dán, tó mọ́ gaara, nínú sámọ́ọ̀nù, túnà tàbí alákàn inú agolo, ẹ ó sì búra pé àfọ́kù ìgò ni. Struvite ni orúkọ rẹ̀. Èròjà magnesium, ammonia àti phosphate tó ti wà nínú ẹja tẹ́lẹ̀ ló para pọ̀, tó dì, lẹ́yìn tí wọ́n ti dé agolo pa. Kì í pani lára. Ẹ mú ẹyọ kan nínú wọn, ẹyọ kan péré, ẹ fi sínú fíníngà, kí ẹ gbé e sórí iná tó rọra ń jó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Struvite á yòrò, ìgò ò ní yòrò. Kí ìyókù ṣì wà nínú agolo níbi tí ẹ ti bá a.

Egungun inú sàdíìnì àti Geisha ńkọ́? Ooru ilé iṣẹ́ ti sè é rọ̀, jíjẹ ni.

Kí ẹ tó sọ pé òkúta wà nínú bisikíìtì, ẹ fi ahọ́n ka eyín yín. Ohun tí dókítà fi dí eyín tó lu máa ń jábọ́ lẹ́nu ẹni tó ń jẹ nǹkan líle, ó sì le. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ gbé ẹ̀bi rù o. Ní 1973, ilé ẹjọ́ gíga Èkó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tó ń jẹ bisikíìtì ilé iṣẹ́ Niger Biscuit, tó bá eyín tó ti jẹrà nínú rẹ̀; ilé ẹjọ́ sì dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dìde lónìí gbọ́dọ̀ ti múra ìdáhùn sí ìbéèrè tí lọ́yà kejì máa kọ́kọ́ bi í: ṣé eyín tìẹ kọ́ nìyẹn?

Ká ní kékeré ni, ká jẹ ẹ́ lọ

“Dọ̀tí kì í pa ọmọ Áfíríkà.” Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i, títí ó fi kan ìgò, irin àti ike líle. Irun ń kó ni nírìíra, bóyá kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ka ohun líle tàbí ohun mímú tí gígùn rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 7 sí 25 sí ohun tó lè ṣeni léṣe nínú oúnjẹ tó ti délẹ̀ fún jíjẹ. Èyí tí kò tó 7 pàápàá, wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò tó bá jẹ́ oúnjẹ ọmọ ọwọ́ tàbí ti arúgbó. Mìlímítà 7 kò tó ojú èékánná ọmọńdinrín.

Ẹni tó ti gbé e mì ló wá ń ṣe àṣìṣe tó burú jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀. Wọ́n á ní kó gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì láìjẹ kó lè tì í lọ. Wọ́n á ní kó mu epo pupa. Wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í. Òkèlè lè tẹ nǹkan mímú wọ ara ọ̀nà ọ̀fun. Èébì á sì gbé e gba ibi tó ti kọjá, á tún ya ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọsibítù ni kí ẹ lọ. Kí ó má jẹ, kí ó má mu, títí dókítà fi máa wò ó, kí ẹ sì mú èyí tó kù dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń wá: irin máa ń hàn nínú fọ́tò X-ray, ike àti igi lè má hàn. Tó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ kékeré, irú èyí tó máa ń wà nínú nǹkan ìṣeré, ni ọmọ gbé mì, ẹ má dúró di àárọ̀. Wákàtí méjì ti tó fún un láti jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọ.

Ká bá ìyá ọlọ́jà jà, tàbí ká dákẹ́ torí pé àwa kọ́ la rà á

Ọjà tí wọ́n dì pa láti ilé iṣẹ́, ìyá tó ń tà á kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jù yín lọ. Ohun tí ẹ nílò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí ẹ wo ìyókù tó wà lórí káńtà: ṣé batch kan náà ni, ṣé èkúté tàbí kòkòrò ti lu ọ̀rá? Tó bá jẹ́ pé òun ló tún un wọ́n sínú ọ̀rá kéékèèké, ọ̀rọ̀ dé sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan sì máa ń dákẹ́ torí pé àlejò ló gbé e wá, tàbí pé ibi àríyá ni wọ́n ti gbà á. Ní August 1928, ní ìlú Paisley ní Scotland, May Donoghue mu jínjá inú ìgò dúdú tí kò ṣeé rí inú rẹ̀, ó sì sọ pé ìgbín tó ti jẹrà jáde nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ra jínjá ọ̀hún. Ní 1932, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Bìrìtìkó sọ pé ẹni tó ṣe jínjá náà ní láti ṣọ́ra nítorí ẹni tó máa mu ún, yálà òun ló sanwó tàbí òun kọ́. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ń lo ìlànà yẹn títí dòní. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ẹjọ́ náà ni pé kò dé ibi tí wọ́n ti máa fi ẹ̀rí hàn bóyá ìgbín tiẹ̀ wà nínú ìgò rárá.

Ká kọ́kọ́ sáré lọ sórí Facebook

Ní September 2023, obìnrin oníṣòwò kan ní Èkó kọ ọ́ sórí Facebook pé tòmátò kan tí òun rà dùn jù, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ìṣó, kò sí aáyán, adùn lásán ni. Ọlọ́pàá mú un, wọ́n gbé e lọ sí Àbújá, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015. Lójú tèmi, ìjẹgàba ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá torí tòmátò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ á mọ bó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Mo rí irin yìí nínú búrẹ́dì tí mo rà lónìí” jẹ́ ohun tí ẹ fojú rí. “Wọ́n fẹ́ fi búrẹ́dì pa wá” jẹ́ ẹ̀sùn, ẹ ó sì ní láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn òpùrọ́ ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún olóòótọ́. Ní June 1993, ẹnì kan nítòsí Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ní òun rí abẹ́rẹ́ nínú agolo Diet Pepsi. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, irú rẹ̀ ti ń jáde káàkiri Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ náà gbé fídíò síta láti fi hàn bí agolo wọn ṣe ń yára kọjá lábẹ́ ẹ̀rọ, kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù kan sì ká obìnrin kan mọ́ ibi tó ti ń ti abẹ́rẹ́ bọ inú agolo. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òótọ́, wọ́n sì mú àwọn kan tó parọ́. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi máa ń kọ́kọ́ fura sí yín. Tí ẹ bá wá fi “ẹ san mílíọ̀nù márùn-ún, tàbí kí n gbé e síta” bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ ti fún wọn ní ẹjọ́ tí wọ́n máa pè yín.

Ká kó gbogbo rẹ̀ fún mákẹ́tà

Ẹ ti pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ ti dé pẹ̀lú páálí mẹ́ta àti ẹ̀rín. “Ẹ kú ilé o, mọ́mì. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n gbé èyí tó bàjẹ́ yẹn padà fún àyẹ̀wò.” Ó dọ̀bálẹ̀, inú yín yọ́, ẹ gbé e fún un. Nígbà tí lẹ́tà máa dé, wọ́n á ní àwọn ò rí nǹkan kan, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi jiyàn.

Ẹ jẹ́ kó wò ó. Ẹ jẹ́ kó yà á ní fọ́tò. Tó bá ṣeé pín, ẹ fún un ní díẹ̀, kó sì kọ ohun tó gbà, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sínú ìwé. Tí kò bá ṣeé pín, bí ìṣó ẹyọ kan, ọ́fíìsì NAFDAC ni kí ẹ gbé e lọ. Wọ́n wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. NAFDAC lè yẹ ilé iṣẹ́ wò, ó lè ti í pa, àmọ́ gbígba owó ìtọ́jú fún yín kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá di ti ẹ̀tọ́ òǹrajà, FCCPC, àjọ ìjọba tí òfin 2018 dá sílẹ̀ fún un, ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Mákẹ́tà náà máa sọ pé ẹ̀rọ àwọn ò lè jẹ́ kí irú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀rọ tó ń wá irin ò rí igi, ike, ìgò tàbí irun. X-ray ń rí ìgò àti òkúta, àmọ́ irun àti ọ̀rá fẹ́lẹ́ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ náà mọ̀. Ìdí nìyẹn tí plásítà tí òṣìṣẹ́ wọn fi ń di ojú ọgbẹ́ fi máa ń jẹ́ àwọ̀ búlúù, kí ojú lè tètè rí i nínú oúnjẹ, tí wọ́n sì ń fi irin tín-ínrín sínú rẹ̀ kí ẹ̀rọ lè mú un.

Ìwé kan sì lè bá páálí mẹ́ta yẹn wá, tó ń sọ pé ẹ ti gba pààrọ̀ ọjà, ẹ kò sì ní ẹ̀dùn kankan mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jẹ nínú oúnjẹ náà, kí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú pé ọjà nìkan ni ẹ gbà, pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ṣì wà nílẹ̀. Tó bá ní ọ̀gá òun ò ní gbà bẹ́ẹ̀, kó máa gbé páálí rẹ̀ lọ.