Ohun Tí VPN Lè Ṣe àti Ohun Tí Kò Lè Ṣe Nígbà Tí Ẹ Bá Ń Rajà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter pa, ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ gbé áàpù VPN sórí fóònù kí a lè máa rí Twitter lò, a sì ń lò ó títí di oṣù Kìíní ọdún 2022 tí wọ́n tó ṣí i padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àwọn kì í tẹ nọ́ńbà káàdì báǹkì àwọn láìkọ́kọ́ tan VPN, bí ẹni pé ìyẹn nìkan ti tó. Kò tó. VPN wúlò, ṣùgbọ́n ìwúlò rẹ̀ fún ẹni tó ń rajà kò tó bí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́.

Bí ẹ bá ti tan án, gbogbo ohun tó ń jáde láti inú fóònù yín yóò di àdììtú, yóò sì gba ọ̀dọ̀ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ilé-iṣẹ́ VPN kọjá kó tó dé ilé ìtajà tí ẹ ń lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà fún yín, ìbáà jẹ́ MTN tàbí Airtel, lè rí i pé ẹ ń lo VPN, ṣùgbọ́n kò ní mọ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ yà sí. Ilé ìtajà náà yóò sì rí àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) ti sáfà yẹn dípò tiyín.

Àwọn baba wa a máa fi àrokò ránṣẹ́ síra wọn. Wọn a di owó ẹyọ, ìyẹ́ àti àwọn nǹkan mìíràn pọ̀. Ẹni tó ń gbé e lọ lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá, àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí á tú u, á sì mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Bí HTTPS, ìyẹn ọ̀nà tí ojúlé fi ń sọ ohun tí ẹ bá tẹ̀ di àdììtú, ṣe ń ṣe sí nọ́ńbà káàdì yín nìyẹn, ó sì ti wà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ojúlé ìtajà, ẹ tan VPN tàbí ẹ kò tan án. Ẹni tó bá ń ṣọ́ Wi-Fi ọ̀fẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú tàbí ní ilé oúnjẹ lè rí orúkọ ojúlé tí ẹ lọ, ṣùgbọ́n kò lè ka nọ́ńbà káàdì náà. Orúkọ ojúlé yẹn ni VPN yóò bá yín bò. Nítorí náà, ẹ tan án bí ẹ bá wà lórí Wi-Fi tí kì í ṣe tiyín, tàbí kí ẹ kúkú fi dátà orí fóònù yín sanwó.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tú àrokò náà ni ewu wà jù. Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin rí ìpolówó bàtà kan, ó tẹ líǹkì rẹ̀, VPN sì wà ní títàn lórí fóònù rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì, ó tẹ OTP tí báǹkì fi ránṣẹ́, owó sì lọ. Nígbà tó gbé fóònù náà wá fún mi, mo ka àdírẹ́sì ojúlé náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: wọ́n fi òǹkà 1 sí ibi tó yẹ kí lẹ́tà l wà. VPN rẹ̀ kò bàjẹ́ o. Ó gbé OTP náà dé ọwọ́ àwọn gbájú-ẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i lójú ọ̀nà.

HTTPS wà lórí ojúlé yẹn pẹ̀lú, èyí tí àwọn bíráwúsà kan máa ń fi àmì àgádágodo hàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àmì náà fi hàn pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ojúlé, ìdí sì nìyí tí Google fi yọ ọ́ kúrò lórí Chrome ní ọdún 2023.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì ilé ìtajà náà dípò kí ẹ tẹ líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ .com tàbí .com.ng ní ọwọ́ òsì, nítorí òun ni orúkọ onílé gan-an. Gbájú-ẹ̀ lè kọ orúkọ ilé ìtajà tó gbajúmọ̀ sí iwájú pátápátá, kó wá fi orúkọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ .com. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojúlé náà fi nọ́ńbà káàdì yín pamọ́. Bí báǹkì yín bá ń ṣe káàdì orí fóònù, tí ẹ lè fi iye owó ọjà náà nìkan sí, òun ni kí ẹ lò. Bí OTP bá dé, ẹ ka iye owó tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ta bàtà kò nílò BVN yín.

Ẹ tún mọ̀ pé bí ẹ bá ti fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín wọlé, ilé ìtajà náà ti mọ̀ yín, VPN kò sì lè fi yín pamọ́ fún un mọ́.

Ní ti VPN ọ̀fẹ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi, torí pé gbogbo ohun tí MTN ì bá rí ni ẹni tó ni VPN náà yóò máa rí. Facebook ra ilé-iṣẹ́ Onavo ní ọdún 2013, ó ń fi VPN rẹ̀ mọ áàpù tí àwọn èèyàn ń lò, kó tó pa á tì ní ọdún 2019. Èmi fara mọ́ èyí tí a ń sanwó fún, tí àwọn olùṣàyẹ̀wò tó wà níta ti yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì fẹ́ sanwó pẹ̀lú káàdì Nàìjíríà, ẹ má ṣe yan sáfà tó wà ní Netherlands, kí báǹkì má baà rò pé olè ló wà nídìí káàdì náà, kó sì tì í pa.

Bí owó bá lọ, ẹ ti káàdì náà pa lórí áàpù báǹkì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó máa bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ní ti àwọn ilé ìtajà tí ẹ kò lò mọ́, òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù yín rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, bí wọn kò bá sì dáhùn, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ NDPC, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò dátà ní Nàìjíríà.