Bí mo ṣe wọn àwo gáàsì X Persei láti Kàbà

X Persei kì í ṣe ìràwọ̀ kan ṣoṣo. Méjì ni wọ́n, wọ́n sì ń fi nǹkan bí 250 ọjọ́ yí ara wọn ká. Èyí ńlá gbóná janjan, ó ń yára pòòyì tó bẹ́ẹ̀ tí gáàsì fi ń tú lára rẹ̀, tó wá tẹ́ pẹrẹsẹ di àwo yí i ká. Èkejì ni ìràwọ̀ neutron, ìyókù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, tó kéré ṣùgbọ́n tó wúwo gan-an. Gáàsì tó bá já lé e lórí ló ń mú X-ray jáde.

Mi ò ní awò awọ̀nàjíjìn kankan. Spectrum, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ti tú sí àwọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ yà sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni mo gbà sórí kọ̀ǹpútà lóru, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàbà máa ń já gaara. Infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, ni mo wá, torí ekuru ojú òfuurufú kì í dí i tó bó ṣe ń dí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Ìlà háídrójìn tí wọ́n ń pè ní Brackett gamma, ní 2.166 micrometre, ni mo dojú kọ; gáàsì àwo náà ló ń mú kó yọ sókè nínú spectrum. Ti helium ní 2.058 wù mí, ṣùgbọ́n carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ayé bo ibẹ̀.

Fífọ afẹ́fẹ́ ayé kúrò ni iṣẹ́ gan-an. Omi inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ infrared kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń dá ihò sínú spectrum. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ á wá wo ìràwọ̀ irú A0 kan, ìyẹn ìràwọ̀ funfun tí ìlà inú spectrum rẹ̀ ò pọ̀, nítòsí ibẹ̀ lóru kan náà. Ẹ ó fi tirẹ̀ pín ti X Persei, ihò afẹ́fẹ́ á pa rẹ́. Àbúrò mi tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Ìyàrà jókòó tì mí, ó nawọ́ sí ihò kan lára A0 náà: “Bọ̀dá, èyí ò jọ ti omi o, ó ti fẹ̀ jù.” Òótọ́ ni. Háídrójìn A0 fúnra rẹ̀ ni, ní 2.166 gẹ́lẹ́! Bí ẹ bá pín in bẹ́ẹ̀, òkè èké á yọ lára X Persei, àwo rẹ̀ á sì dà bíi pé ó tóbi ju bó ti rí lọ. Mo dí ihò yẹn kí n tó pín. Ẹ má fo ibẹ̀ láéláé.

Ìlà náà yọ sókè gbọnran, mo sì wọn fífẹ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, kí ìlà yẹ̀ ní 0.001 micrometre péré túmọ̀ sí pé gáàsì ń sáré bíi 138 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju Kàbà sí Lọ́kọ́jà lọ.

Àwo yìí kì í sì í wà bẹ́ẹ̀ títí. Láàárín 1989 sí 1990, ó tú ká, ìlà háídrójìn tó ń yọ sókè wá di ihò, kí gáàsì tó tún kó jọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ fi wíwọ̀n kan mọ. A0535+26, ìràwọ̀ méjì mìíràn bíi X Persei (kì í ṣe irú A0 o), tí wọ́n ń fi 111 ọjọ́ yí ara wọn ká, ló kàn; àbúrò mi ti ń gba fáìlì rẹ̀.