Apá adìẹ díndín: bí awọ rẹ̀ ṣe máa gbẹ táútáú, tí ẹran inú rẹ̀ á sì rọ̀

Ẹran ò pọ̀ lára apá adìẹ. Awọ, ọ̀rá àti eegun ló kún ibẹ̀, nítorí náà awọ la fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó dín in mọ̀ ọ́n dín. Omi ló sì máa ń ba awọ náà jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń hó lára awọ, ìgbóná rẹ̀ kò lè kọjá 100°C púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ dáadáa kó tó lè pọ́n kó sì le. Bí awọ bá ń fà lẹ́nu bíi rọ́bà, ẹ má kọ́kọ́ dá iná lẹ́bi. Ó ṣeé ṣe kí ẹran náà ti rin kó tó wọ òróró.

Kílò 1 máa ń tó bí odindi apá 10 sí 12. Oríkèé méjì ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó pín in sí mẹ́ta: èyí tó sún mọ́ èjìká, tó ní eegun kan, ti àárín, tó ní eegun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, àti ṣóńṣó orí rẹ̀. Ẹ tẹ oríkèé sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ibi tó ti yà, kí ẹ wá ti ọ̀bẹ gba ibẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ń kọ̀, orí eegun lẹ wà, ẹ sún un díẹ̀. Ẹ má dín ṣóńṣó. Ó máa ń jó kí ìyókù tó jinná. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún omi ọbẹ̀.

Ẹ má fi omi ẹ̀rọ ṣan adìẹ náà. Ó lè ṣòro láti gbà, àmọ́ ńṣe ni omi tó ń ta yẹn máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí lọ sára àwo àti oúnjẹ mìíràn nítòsí, nígbà tó jẹ́ pé òróró gbígbóná máa pa wọ́n. Tíṣù ni kí ẹ fi nù ún, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ abẹ́ ibi tí awọ ti ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iyọ̀ ṣíbí tíì 2 àti baking powder ṣíbí tíì 1 pa kílò 1 lára. Baking powder máa ń jẹ́ kí awọ tètè pọ́n. Ẹ má ṣì í mú baking soda, torí ó lágbára jù ú lọ, ó sì máa ń korò lẹ́nu bíi ọṣẹ.

Ẹ tò ó sórí wáyà tàbí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kó má fara kan ara wọn, kí ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fíríìjì láìdé e, kí omi ara rẹ̀ má bàa kán sórí oúnjẹ mìíràn. Wákàtí 8 dára gan-an. Wákàtí 1 náà sàn ju kí ẹ má ṣe é rárá. Bẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan awọ náà, kò yẹ kó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́.

Fúláwà kò pọn dandan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ èèpo tó nípọn, ẹ po fúláwà gíráàmù 100 mọ́ kọ́ńfúláwà gíráàmù 50, ẹ yí ẹran náà nínú rẹ̀, kí ẹ wá gbọn èyí tó ṣẹ́ kù dànù. Fúláwà tí ẹ ò bá gbọn kúrò máa já sínú ìkòkò, yóò jó, yóò sì mú òróró korò.

Òróró tí kì í tètè rú èéfín ni kí ẹ lò, bíi ti ẹ̀pà tàbí ti sóyà. Ìkòkò tó jinnú tó sì wúwo ló dára jù. Kí òróró jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kó má sì kọjá ìdajì ìkòkò, torí yóò ru sókè bí ẹran bá wọ ibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ dín in. Àkọ́kọ́, ní 160°C, fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Ẹyọ 6 sí 8 lẹ́ẹ̀kan náà ti tó. Bẹ́ ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sí i, ìgbóná á já wálẹ̀, ẹran á sì máa hó jẹ́jẹ́ nínú òróró dípò kó dín. Yóò ṣì funfun díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá kó o jáde. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Láàárín àkókò yìí, omi tó wà nínú ẹran máa ń rìn jáde wá sí awọ. Dídín ẹlẹ́ẹ̀kejì ló máa lé omi yẹn lọ: 190°C, ìṣẹ́jú 2 sí 3, títí awọ á fi pọ́n bíi wúrà, tí ariwo òróró á sì rọlẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ariwo yẹn dáadáa, torí omi tó ń jáde ló ń fa ariwo náà. Bó bá ti dákẹ́, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Bí kò bá sí tẹmómítà, ẹ ti ìdí ṣíbí onígi tó gbẹ bọ òróró. Bí ìfóòfó wẹ́wẹ́ bá ń yọ yí i ká láìdáwọ́ dúró, ó ti gbóná tó. Bí èéfín bá ń yọ, ó ti gbóná jù.

Adìẹ ti jinná bí inú rẹ̀ bá dé 74°C, níbi tí tẹmómítà kò ti kan eegun. Ṣùgbọ́n apá máa ń dùn jù bó bá dé 80 sí 85, torí ìgbà yẹn ni iṣan líle inú rẹ̀ máa ń yọ́. Pípọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun kò fi dandan túmọ̀ sí pé kò jinná. Mùdùnmúdùn eegun adìẹ tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí ló máa ń ṣàn jáde bẹ́ẹ̀. Bí ìta bá sì jó nígbà tí inú ṣì tutù, yálà òróró ti gbóná jù tàbí ẹran náà ṣì dì. Inú fíríìjì ni kí ẹ ti jẹ́ kó yọ́ láti àṣálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Orí wáyà ni kí ẹ kó o sí bó bá jáde. Bó bá gun ara wọn lórí tíṣù, ooru á sọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di rírọ̀. Oyin, ṣúgà àti áyù gígún máa ń tètè jó, nítorí náà ẹ̀yìn dídín ni kí ẹ fi wọ́n pa á lára, nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ jẹ ẹ́.

Bí òróró bá gbiná, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì gbé ìkòkò náà rárá. Ẹ dé e pa, ẹ pa iná ìdáná, kí ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù. Òróró tó ṣẹ́ kù ṣeé lò lẹ́ẹ̀kan sí i bẹ́ ẹ bá sẹ́ ẹ, tẹ́ ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò tó ní ìdérí níbi tó ṣókùnkùn. Bó bá ti ń yọ ìfóòfó lójú, tó ṣú, tàbí tó ń rùn, ẹ rọ ọ́ sínú ike kí ẹ tó jù ú nù; kò gbọdọ̀ wọ ojú omi ìdọ̀tí, torí ibẹ̀ ló máa dì sí.